Wákàtí Tí Bàrákátù Gbàgbé

Làmídì ni ládàánì mọ́sálásí Ìsàlẹ̀-Ọ̀dán, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ti ń fi ohùn rẹ̀ pe àwọn èèyàn síbi ìrun. Ohùn náà kò tíì yẹ̀, ojú ló ń ṣe bàìbàì. Bàrákátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ló mọ bí ojú náà ti bàjẹ́ tó, nítorí òun ló ń bá a yọ egungun inú ẹja kó tó jẹun. Kò sọ fún ẹnì kankan. Àgbàlagbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń jí i láràárọ̀, bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù tí yóò tún máa jí sí?

Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá ló tú àṣírí. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́. Làmídì gbójú sókè, ó rí i pé ilẹ̀ ti ṣókùnkùn, ló bá pe ìrun Màgàríbì. Gbogbo ìlú ṣínu. Àwọn kan ti wà lórí abọ́ ògì kejì kí ìkùukùu tó là, tí oòrùn yọjú lábẹ́ rẹ̀, tó ń wò wọ́n pẹ̀lú ògì lẹ́nu. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni Làmídì fi yá jù, ṣùgbọ́n odidi ìlú ló san ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà. Wọ́n bú u títí. A ò lè dá wọn lẹ́bi, ààwẹ̀ sísan kì í ṣeré.

Onísùúrù ni Lèmọ́mù Sànúsí, síbẹ̀ ó sọ ọ́ gbangba. Ó ní, “Ládàánì, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, Mọ́síhùdù, igbákejì yín, ni yóò gba gbohùngbohùn. Ojú tiẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀. Ẹ má bínú.”

“Mi ò bínú, Àfáà,” ni Làmídì wí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi jẹun kánú.

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàrákátù dọ́kàn. Ó wá ẹ̀rọ kan rà, irú èyí tí kò tó páálí ìṣáná, tí èèyàn lè kọ àṣẹ sínú rẹ̀ kó sì máa tẹ̀ lé e láìjanpata. Ó so iná aláwọ̀ ewé àti ojú kékeré tó ń fi aago hàn mọ́ ọn, ó kọ àkókò tí oòrùn yóò máa wọ̀ lójoojúmọ́ ààwẹ̀ sínú rẹ̀. Bí àkókò bá ti tó, iná yóò tàn níwájú bàbá rẹ̀, ẹ̀rọ yóò ké, bàbá yóò sì pèrun. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ló fẹ́ yá a.

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í rántí aago. Bí wọ́n bá mú iná mànàmáná lọ, tí wọ́n dá a padà, òdo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Iná Ìsàlẹ̀-Ọ̀dán sì rèé, àlejò tí kì í jókòó ni. Bàrákátù bá kọ́ ẹ̀rọ ní ìbéèrè: nígbàkígbà tí iná bá ti dé, kó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ béèrè aago lọ́wọ́ àwọn aago ńlá tí gbogbo ayé ń tẹ̀ lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ààwẹ̀ tuntun ku ọ̀la, ó yọ wáyà nígbà mẹ́ta, ó dá a padà nígbà mẹ́ta. Ìṣẹ́jú ló kó ìtìjú bá bàbá rẹ̀, ìṣẹ́jú náà ló sì tẹjú mọ́. Ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú méjìlélógójì, fóònù rẹ̀ náà ní méjìlélógójì. Ó mí kanlẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò.

Lèmọ́mù náà ṣòfin tirẹ̀. “Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé fóònù ara rẹ̀. Fóònù méjì nínú ilé kan kì í bára wọn mu, lọ́dọọdún la sì ń bá tọkọtaya parí ìjà lórí ìṣínu. Ohùn Ládàánì nìkan la óò gbọ́, Ládàánì yóò sì tẹ̀ lé iná aláwọ̀ ewé.” Gbogbo wọn ṣe àmín.

Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ pé. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ta ni oòrùn yóò wọ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní síwájú mọ́sálásí, omi, ògì, àkàrà àti èso dàbínù wà nílẹ̀. Oòrùn rọra wọ̀. Iná kò tàn.

Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n tún dúró. Ìyá Ràbíátù, arúgbó tó máa ń ṣáájú gbogbo wọn ṣínu, ti gbé ife omi dé àgbọ̀n. Ó ń wo omi, omi ń wò ó.

Ọkùnrin kan ní, “Fóònù tèmi ní aago méje ti lù.”

“Fi fóònù ẹ sápò,” ni ẹnìkejì rẹ̀ dáhùn. “Ta ló bi í?”

Kò sẹ́ni tó fẹ́ san ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Mọ́síhùdù ti ń tún ọ̀fun ṣe lẹ́yìn.

Bàrákátù tẹjú mọ́ iná tí kò tàn. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tàn, gbohùngbohùn yóò kúrò lọ́wọ́ bàbá òun. Làmídì kò wo iná náà rárá. Igi ọ̀dán ẹ̀yìn mọ́sálásí ló dẹtí sí.

“Bàrákà, ẹ̀ga ti dákẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Àdán ti ń jáde, mo ń gbọ́ apá wọn. Lọ́wọ́ ta lo ní kí nǹkan yìí lọ béèrè aago?”

“Lọ́wọ́ àwọn aago ńlá ayé, Bàbá. Wọn kì í ṣìnà.”

“Mo gbọ́. Níbo ni wọ́n ń gbé?”

“Òkè òkun.”

“Ṣé ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́dọ̀ wa náà ló ń wọ̀ lọ́dọ̀ wọn?”

Bàrákátù fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó wo ojú ẹ̀rọ: aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó wo fóònù: aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Aago kan ṣoṣo ni àwọn aago ńlá náà ń sọ fún gbogbo ayé, oníkálùkù ló yẹ kó fi ti ilẹ̀ rẹ̀ kún un tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Wákàtí kan ni tiwa fi ṣáájú. Kò fi kún un.

Ó dìde. Ó ní, “Ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jẹ̀bi. Èmi ni mo gbàgbé wákàtí kan. Ó ti tó ìṣẹ́jú méje tó yẹ ká ti ṣínu. Bàbá mi mọ̀, etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.”

Làmídì kò dúró gbọ́ èsì ẹnikẹ́ni. Ó gbé gbohùngbohùn, ó pèrun, ohùn náà sì dún gaara bí ti àtijọ́. Kó tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́, omi Ìyá Ràbíátù ti kọjá ọ̀fun.

Lẹ́yìn ìrun, Lèmọ́mù dúró ti ẹ̀rọ náà, ó ń wò ó. “Ládàánì, ṣé ká yọ nǹkan yìí dànù?”

“Ẹ má yọ ọ́, Àfáà. Lọ́dún tó kọjá, ìṣẹ́jú lèmi ṣì, òun kò ní ṣì í. Lónìí, wákàtí ló ṣì, èmi ò ní ṣì í. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì mí.”

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Gbohùngbohùn kò kúrò lọ́wọ́ Làmídì. Bàrákátù jókòó sórí ẹní, ó fi wákàtí kan kún àṣẹ inú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ló fa abọ́ bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó ń yọ egungun ẹja, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti òkèèrè gbé ọgbọ́n dé Ìsàlẹ̀-Ọ̀dán, àwọn àgbà ibẹ̀ á gbà á, wọn á dúpẹ́, wọn á sì rọra pa á lówe pé: ará òkèèrè lè mọ ìṣẹ́jú, ará ilé ló mọ wákàtí.