Ìdí Tí Imọ̀ Ọ̀pẹ Fi Ń Pọ́n Kí Ó Tó Já

Ẹ̀yin ọmọ, kí ni a ti mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà? A mọ̀ pé ó ní èdè tí a fi ń rán an níṣẹ́. A mọ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀dá èdè náà a máa tún un ṣe kí ó lè lágbára sí i. A sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ti so iṣẹ́ kéékèèké tiwọn mọ́ èdè àtijọ́. Báwo wá ni tuntun yóò ṣe dé, tí ohun tí a so mọ́ ti àtijọ́ kò ní já bọ́? Ẹ jẹ́ kí a bi ọ̀pẹ.

Nígbà láéláé, ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún ni ọ̀pẹ fi ń pààrọ̀ gbogbo imọ̀ rẹ̀. Á gbọn ara rẹ̀ wọ̀ọ̀, imọ̀ àtijọ́ á já, tuntun á sì yọ. Inú rẹ̀ máa ń dùn lọ́jọ́ náà bí ọmọdé tó wọ aṣọ ọdún.

Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà wá so ìtẹ́ wọn mọ́ imọ̀ náà. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọjọ́ ìpààrọ̀ pé, Àwẹ̀ró, àgbà nínú àwọn ẹ̀gà, bà sí èjìká ọ̀pẹ.

"Baba, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbọnra lọ́la. Ẹyin mẹ́ta wà nínú ìtẹ́ mi. Wọn kò tíì di ọmọ."

"Àwẹ̀ró, imọ̀ yìí ti gbó. Kòkòrò ti lu ú jálẹ̀. Bí n kò bá yọ tuntun, n kò ní so èso. Ṣé kí n gbẹ dànù nítorí ìtẹ́ yín ni?"

"Ta ló ní kí ẹ má yọ tuntun? Àwa náà ń fẹ́ imọ̀ tó yi. Mo kàn ní kí ẹ má já ti àtijọ́ dànù kí a tó kúrò lórí rẹ̀ ni."

Ọ̀pẹ kò rò ó rí pé tuntun àti àtijọ́ lè jọ wà lórí igi kan. Ó fi agbára ti ọ̀gọ̀mọ̀ kan, imọ̀ tuntun tí kò tíì là, jáde láti àárín orí rẹ̀. Ó dì pọ̀, ó gún ṣánṣán bí abẹ́rẹ́.

"Ó yá, ẹ kó lọ síbẹ̀!"

Ariwo sọ láàárín àwọn ẹ̀gà. "Ọ̀gọ̀mọ̀ ń yọ, ó lóun ó kan ọ̀run! Àwọn tó ti yọ ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?" "Ta ni yóò so ilé mọ́ abẹ́rẹ́?"

"Ẹ pa ẹnu mọ́ ná," Àwẹ̀ró wí. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò ká tó bú u."

Kò gbé ẹyin rẹ̀ lọ o. Koríko kan ṣoṣo ló mú, ó so ó mọ́ ọ̀gọ̀mọ̀ náà. Koríko yọ̀, ó bọ́. Ó so ó lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bọ́.

"Baba, ibi tó ti ń yọ̀ nìyí. Ti àtijọ́ ní ìka, ti tuntun kò ní."

Inú ọ̀pẹ kò dùn. Ó ti rò pé ẹwà ohun tuntun òun ti tó. Ṣùgbọ́n ó wo ẹyin mẹ́ta náà, ó mí kanlẹ̀, ó sì ya ọ̀gọ̀mọ̀ sí ìka tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Àwẹ̀ró ní kí wọ́n hun ìtẹ́ òfìfo kan síbẹ̀. Ọjọ́ ìpààrọ̀ dé, ọ̀pẹ kò gbọnra. Ẹ̀fúùfù mì ìtẹ́ náà síwá sẹ́yìn fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò já.

"Ó ku ohun kan, Baba," Àwẹ̀ró wí. "Báwo la ó ṣe mọ imọ̀ tó fẹ́ já?"

"N ó ké sí yín."

"Nínú ariwo tiwa yìí?"

Ọ̀pẹ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Imọ̀ tó bá fẹ́ lọ, n ó jẹ́ kó kọ́kọ́ pọ́n, kó sì so rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i tí kò kó, kó má bá mi jà."

"A gbà, Baba."

Imọ̀ tó gbé ìtẹ́ Àwẹ̀ró pọ́n, ó so rọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì já. Ẹyin mẹ́ta di ọmọ mẹ́ta. Ọmọ mẹ́ta fò jáde, wọ́n bà sórí imọ̀ tuntun. Ìgbà náà ni èyí tó gbó tó já lulẹ̀, ìtẹ́ òfìfo nìkan ló sì mú lọ.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pẹ kì í já gbogbo imọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Àárín orí ni tuntun ń gbà yọ, ti àtijọ́ á sì pọ́n nísàlẹ̀ kí ó tó lọ.

Ìwọ náà, nígbà tí èdè tuntun bá dé sórí kọ̀ǹpútà rẹ, má tíì pa ti àtijọ́ rẹ́. Gbé tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, so iṣẹ́ kékeré kan ṣoṣo mọ́ ọn, kí o sì wo ibi tí yóò ti yọ̀. Bí àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ bá sì kìlọ̀ pé ti àtijọ́ fẹ́ lọ, imọ̀ ti pọ́n nìyẹn: kó iṣẹ́ rẹ kúrò lórí rẹ̀.