Owó Orí Erin

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó rìn rìn rìn, ó yà sílé Òkété. Opó ni Òkété, ọmọ mẹ́rin ló ń dá tọ́. Agbọ̀n àgbàdo márùn-ún péré ló kù sílé rẹ̀, irúgbìn tí yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ sì ni. Ẹ fi àgbàdo yẹn sọ́kàn o.

Odò ìlú ẹranko ń gbẹ lọ. Ẹfọ̀n ọba wọn ní kí wọ́n gbẹ́ kànga, kí gbogbo ìlú sì san owó orí, kí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ lè rí nǹkan jẹ. Àgbàdo ni wọ́n fi ń san án láyé ìjọ́un.

Òkété gbójú sókè, ó wo àká Erin, àká tó ga ju ilé àwọn ará ìlú lọ. Erin ò láya, kò bímọ. Ó ní bí ẹnu bá pọ̀, àká a máa tètè tán. Òkété kúnlẹ̀ níwájú ọba.

"Kábíyèsí, kí ẹni tó ní púpọ̀ mú púpọ̀ wá."

Erin rẹ́rìn-ín. "Òkété, bí àká mi ṣe ń ga, ìlú náà ló ń ga. Ṣé ẹ ò rí òjìji rẹ̀ tí ẹ ń jókòó sí ni?"

"A rí i, Bàbá. A ò kàn rí i jẹ ni."

Ojú Erin korò. Ó kọjú sí ìlú. "Kí lẹ pe ohun tí ẹ fẹ́ gbà yìí?"

"Owó orí ni."

"Ṣé ẹ pè é lówó ikùn?"

"Rárá."

"Ẹ pè é lówó àká?"

"Rárá."

"Orí mélòó ló wà lọ́rùn mi?"

Háà! Ẹnu ya gbogbo ìlú. Ọba fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé ẹyọ kan ni. Òun ló kúkú fẹnu ara rẹ̀ pè é lówó orí, ọba kì í sì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún un lá. Bó ṣe dòfin nìyẹn: orí kan, agbọ̀n kan. Erin mú agbọ̀n kan wá. Òkété àtàwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ orí márùn-ún, ó ru agbọ̀n márààrún lọ. Irúgbìn lọ ráúráú. Orin ló ń kọ délé. Ẹ gbè é dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi; Ìyùnadé, má sùn:

Erin ń jẹun bí ìlú,
*Jànto, orí kan!*
Erin ń mumi bí odò,
*Jànto, orí kan!*
Ọjọ́ ìdáwó pé, ó ní
*Jànto, orí kan!*

Oúnjẹ ò tó. Àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ jẹ ẹ́ tán, ebi mú wọn, wọ́n ju ọkọ́ sílẹ̀. Kànga ò jìn, omi ń sun níbẹ̀ tín-ín-tín.

Ọ̀gbẹlẹ̀ wọlé wàyí. Odò gbẹ táútáú. Ọba ní bí wọ́n ṣe gbà ni wọ́n ó ṣe pín: orí kan, igbá kan. Òkété gba igbá márùn-ún. Erin na ọwọ́jà, wọ́n gbé igbá kan fún un. Ó fà á fìn-ín, omi ò dé ọ̀fun.

"Ṣé ẹ ò rí bí ikùn mi ṣe tó ni?"

"A rí i, Bàbá," Òkété dá a lóhùn. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Omi orí là ń pín, a ò pè é lómi ikùn."

Erin yọjú wo kànga. "Kí ló dé tí kò fi jìn?"

"Àgbàdo tí ẹ ò mú wá lẹ ń wò nísàlẹ̀ yẹn."

Òùngbẹ ti ń pa Erin lọ, ó wọ́ lọ jókòó sábẹ́ òjìji àká rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣí àká, kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀. Wọ́n ṣí i, àwọn agbẹ́lẹ̀ jẹun, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ, gbẹ́ ẹ, àfi yàà, omi tú. Òkété ló kọ́kọ́ bu igbá kan, ó sáré gbé e lọ bá Erin lábẹ́ òjìji àká. Ó pè é, kò dáhùn. Ó da omi sí i lẹ́nu, omi ṣàn padà sílẹ̀. Erin ti lọ.

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Òkété. Kò lè sunkún, kò lè yọ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń fa omi náà mu.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gbé e dé nìyí, ló bá jókòó. Bí irọ́ bá wà ńbẹ̀, kí omi àmù mi gbẹ lálẹ́ yìí. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé, ẹni tí ìlú jẹ́ kó ní púpọ̀, kó mú púpọ̀ wá fún ìlú. Kànga tí olówó ò jẹ́ kó jìn, òùngbẹ rẹ̀ ò ní yọ olówó sílẹ̀.