Télọ̀ Tó Parọ́ Ìwọ̀n fún Alùpùpù

“Wọ́n ní Bàbá Adéwùsì… mẹkáníìkì yẹn… wọ́n ní ó gbé sípánà wọnú tẹlifíṣọ̀n…”

“Èmi kò gbọ́ ti sípánà. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ó ní kí télọ̀ lọ jẹ ẹ̀bà kó tó… àbí òkúta ni wọ́n ní kó kó sápò…”

“Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n ìyẹ̀fun ni wọ́n gbé e lé… tòun ti bàtà…”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu ní Ìrágbìjí, títí tó fi di pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Òwe tó jáde níbẹ̀ nìkan ni kò yí padà: “A kì í parọ́ ìwọ̀n fún alùpùpù.” Gbogbo wa la ń pa á. Ṣé ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọlọ́kadà ló ni ín. Rárá o. Télọ̀ kan ló fà á, alùpùpù tí télọ̀ ọ̀hún sì gùn, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án.

Oyèkànmí ni orúkọ télọ̀ náà. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti gbogbo télọ̀ àdúgbò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fún un ní ẹran lára. Bí ó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, o lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. “Abẹ́rẹ́” ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe tìtorí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ni Kásìmáawò, oníbúrẹ́dì tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ọdún kan gbáko ni Oyèkànmí fi ju Kásìmáawò lọ, ìyá àwọn méjèèjì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Kásìmáawò sanra, ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ lọ́nà, oníbúrẹ́dì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kí. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Alàgbà,” ni wọn yóò wí fún un. Wọn yóò wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: “Báwo ni, Abẹ́rẹ́?” Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Oyèkànmí bí ẹ̀gún inú àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti wá gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ní ìlú yìí, ẹni tó bá kún àga ni àgbà.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù sí ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ta-ni-àgbà yìí ti wá di ìjà. Géèmù eré-ìje alùpùpù ni gbogbo èrò ń fẹ́, alùpùpù orí ẹrẹ̀ tó ń fò láti orí òkìtì dé orí òkìtì nínú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún yóò kọ́kọ́ dá ẹni tirẹ̀ sílẹ̀ nínú géèmù náà. Yóò kọ orúkọ, yóò kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ, yóò sì kọ iye kílò tí ẹni náà jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìbíyẹmí yóò wá bá a to ṣọ́kì alùpùpù, ìyẹn irin tó máa ń gbé ìjókòó dúró bí alùpùpù bá fò tó balẹ̀, kó rọ̀ tàbí kó le gẹ́gẹ́ bí ẹni náà ṣe wúwo tó. Akoto àti aṣọ tó nípọn ni gbogbo wọn wọ̀ níbẹ̀, ẹ kò lè mọ ẹni tó sanra yàtọ̀ sí ẹni tó gbẹ.

“Abẹ́rẹ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀ lórí àga yẹn?” Kásìmáawò bi í lọ́jọ́ kan níwájú èrò.

“Kásìmáawò, ọdún tí wọ́n bí ọ, mo ti ń rìn.”

“Ẹni tó ti ń rìn látìgbà náà! Abájọ tí o fi gbẹ. Jókòó díẹ̀ ná.”

Ẹ̀rín bú. Inú bí Oyèkànmí, ó dìde, ó ní kí àwọn méjèèjì díje ní ọ̀sán Sátidé, níwájú gbogbo ayé. Bí òun bá borí, kí Kásìmáawò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kó sì máa pe òun ní Ẹ̀gbọ́n títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Kásìmáawò gbà. Ó ní tirẹ̀ kò le: bí òun bá borí, kí télọ̀ fi ọ̀dà pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́ lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó kọ ABẸ́RẸ́ síbẹ̀ gàdàgbà-gàdàgbà. Orúkọ bàbá rẹ̀ ti wà lára pátákó yẹn láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹnu télọ̀ ti gbà kí ọkàn rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, Ìbíyẹmí gbé pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù lé e lọ́wọ́, ó ní kó kọ ohun tó yẹ kó kọ, ó sì lọ dá oníbàárà kan lóhùn. Oyèkànmí kọ orúkọ. Ó kọ nọ́ńbà. Ó dé ibi ìwọ̀n, ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó ti gbọ́ tí Kásìmáawò ń fọ́nnu pé àádọ́fà kílò ni òun. Télọ̀ rọra kọ márùndínlọ́gọ́fà. Ó fi márùn-ún lé e nítorí pé òun ni ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ wá balẹ̀ lórí àga, bí ẹni pé ìdí rẹ̀ ti gbòòrò sí i.

Ìbíyẹmí padà dé, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì to ṣọ́kì náà kó rọ̀ bí tìmùtìmù, bó ṣe yẹ ẹni tó fúyẹ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀. Bí alùpùpù Oyèkànmí bá fò tó balẹ̀, ìdí ni yóò fi gbá ilẹ̀, gbìì! Yóò wá ta sókè bí ewúrẹ́ tó jókòó lé iná, yóò sì sọ ẹni orí rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Òkìtì kìíní, ẹrẹ̀. Òkìtì kejì, ẹrẹ̀. Ìbíyẹmí pààrọ̀ pádì. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó tún tàn án. Ó rò pé bóyá ṣọ́kì náà ṣì le jù, ó mú un rọ̀ sí i, alùpùpù wá ń rì bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́.

“Táyà ni,” ẹnìkan wí nínú àwọn òǹwòran. “Ẹ fa afẹ́fẹ́ sí i.”

“Ibo ni wọn yóò ti fà á?”

“Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ṣé ẹ ti wo ibẹ̀?”

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí Sátidé fi dé. Ó ku wákàtí kan kí ìdíje bẹ̀rẹ̀, télọ̀ kò tíì parí ìyípo kan láìṣubú. Ó ti ń rí ọ̀dà dúdú lójú ara rẹ̀, tó ń ṣàn lórí orúkọ bàbá rẹ̀. Ìbíyẹmí wò ó, àánú ṣe é, ló bá sáré lọ pe Bàbá Adéwùsì, àgbà mẹkáníìkì tó ń bá a tún ọ̀kadà tirẹ̀ ṣe.

Bàbá kò rí géèmù rí. Ó gbé àpò sípánà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọlé, ó kí gbogbo ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n.

“Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí n rí abẹ́ rẹ̀.”

“Bàbá, tẹlifíṣọ̀n ni o,” Ìbíyẹmí wí.

“Èmi náà ní tẹlifíṣọ̀n nílé, ọmọ mi. Alùpùpù tó wà nínú rẹ̀ ni mo ń wí.”

Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un, ó gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. “Ó dáa. Gùn ún kí n wò ọ́.”

Bí Bàbá ṣe máa ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kadà wá fún un pé ṣọ́kì rẹ̀ kò dára, kì í mú sípánà. Yóò ní kí olówó rẹ̀ gùn ún, kó gbé gbogbo ẹrù tó máa ń gbé lé e, kí òun sì wo bí ìjókòó ṣe ń rì. Oyèkànmí gùn ún. Gbìì! Ẹrẹ̀.

Bàbá mi orí. “Ẹrù ti pọ̀ jù lórí alùpùpù yìí.”

“Kò sí ẹrù níbẹ̀, Bàbá,” Oyèkànmí dáhùn. “Ènìyàn kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀.”

“Ta ni ẹni náà?”

“Èmi ni, sà.”

Bàbá wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo télọ̀. Ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. “Ìwọ kọ́ nìyẹn,” ló wí.

Ní àkókò yìí, Kásìmáawò ti gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, èrò sì ti kún inú ṣọ́ọ̀bù dé ojú títì. Bàbá béèrè bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ ìwọ̀n ẹni tó gùn ún. Ìbíyẹmí ní ó wà, ó sì na ọwọ́ sí pádì.

“Má ṣí i!” Oyèkànmí ké. Ó rí i pé gbogbo ojú yí sí òun. “Mo ní… iná ti fẹ́ lọ. Àkókò kò sí mọ́. Bàbá, ṣé wọn kò kàn lè mú ṣọ́kì náà le ni?”

“Wọ́n lè mú un le,” Bàbá dáhùn. “Kò ní í fi ìdí gbá ilẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òkè wà níwájú yẹn. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀, ta ni yóò bá ọ gbé e gun òkè?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀. “Télọ̀, ọjọ́ tí o ń wọn agbádá mi, mo fa ikùn sínú. Kí lo sọ fún mi?”

Oyèkànmí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

“Mo ní kí lo sọ?”

“Mo ní… ‘Bàbá, ẹ mí síta. Aṣọ tí mo bá rán fún irọ́, òtítọ́ ni yóò fà á ya.’”

“Mo sì mí síta níwájú ìyàwó mi.” Bàbá gbé ọwọ́ lé e léjìká. “A kì í parọ́ ìwọ̀n fún alùpùpù, Télọ̀. Ibi tó bá gbé ọ ṣubú sí ni yóò ti wọ̀n ọ́ fúnra rẹ̀.”

Oyèkànmí wo òdìkejì ọ̀nà, ibi tí pátákó rẹ̀ wà. Ó mí kanlẹ̀, ó mú pádì, ó sì ṣí ojú ìwé ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Márùndínlọ́gọ́fà kílò! Nọ́ńbà náà kún ojú tẹlifíṣọ̀n.

“Yéè!” Kásìmáawò di ògiri mú. “Abẹ́rẹ́ fi kílò márùn-ún jù mí lọ! Ta ló jẹ búrẹ́dì mi?”

Ìyà tó tún wà níbẹ̀ ni pé géèmù náà kì í jẹ́ kí ènìyàn fò láti nọ́ńbà kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dínkù, bọ́tìnnì a sì máa dún tíì, tíì, bí Oyèkànmí ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á pẹ̀lú rẹ̀.

“Àádọ́fà!”

“Dúró, Abẹ́rẹ́, ilé mi rèé! O kò ní í yà kí mi?” Kásìmáawò ké.

Tíì, tíì. Wọ́n dé ọgọ́rin. “Tèmi nìyí o,” ìyá kan tó wá ra omi tútù wí, “ẹ máa lọ, ó dàárọ̀.” Wọ́n dé àádọ́rin, Bàbá Adéwùsì juwọ́ sí nọ́ńbà náà bí ẹni rí ará ilé rẹ̀. Wọ́n dé ọgọ́ta, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

“Ó tó bẹ́ẹ̀, Télọ̀,” ẹnìkan bẹ̀ ẹ́. “Dá díẹ̀ sí fún ara rẹ.”

Oyèkànmí kò dáwọ́ dúró. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kan mẹ́rìnléláàádọ́ta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n nílé ìwòsàn ní oṣù tó kọjá. Ó gbé pádì sórí itan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Ìbíyẹmí dá ṣọ́kì padà sí bí ó ṣe tò ó lákọ̀ọ́kọ́. Ìdíje bẹ̀rẹ̀.

Ìyípo mẹ́ta ni. Ní òkìtì kìíní, alùpùpù télọ̀ fò, ó sì bà sílẹ̀ bí ẹyẹlé tó bà sórí òrùlé. Àwọn òǹwòran ní “Háà!” Kásìmáawò ṣáájú ní ìyípo kìíní, nítorí ó mọ géèmù náà dáadáa. Ní ìyípo kejì, wọ́n jọ ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé òkè ìkẹyìn, alùpùpù tó gbé àádọ́fà kílò bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ-hẹlẹ, èyí tó gbé mẹ́rìnléláàádọ́ta sì gòkè bí èéfín. Oyèkànmí dé ibi òpin kí Kásìmáawò tó rí orí òkè.

Ariwo tó sọ kò kéré. Kásìmáawò gbé pádì sílẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, bí ọmọlúàbí tó mọ àdéhùn.

“Ẹ kú oríire,” ló wí láti ilẹ̀, “Ẹ̀gbọ́n…” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ̀gbọ́n Kílò Mẹ́rìnléláàádọ́ta.”

Orúkọ yẹn ló sì mọ́ télọ̀ lára títí di òní. Kò bínú sí i. Ó ní orúkọ tó bá ti ní Ẹ̀gbọ́n níwájú, ohun yòówù tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òun lè gbé e.

Nítorí náà, bí aláìsàn bá fi àgbo tó ti mu pamọ́ fún nọ́ọ̀sì, tàbí tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ bá gé ìtàn rẹ̀ kù fún agbẹjọ́rò, òwe yìí ni àwọn àgbà máa ń pa fún un. Wọ́n ń fi í kìlọ̀ pé ẹni tó wá ìrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ṣì ń sọ ti ẹ̀bà, ti òkúta àti ti ìwọ̀n ìyẹ̀fun. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní etí Ìbíyẹmí, yóò gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì wí pé: “Ẹ̀bà kọ́, òkúta kọ́. Èmi ni mo dúró tì wọ́n. Ohun tí Bàbá sọ nìyí, n kò fi kún un, n kò sì yọ níbẹ̀: ‘A kì í parọ́ ìwọ̀n fún alùpùpù, Télọ̀. Ibi tó bá gbé ọ ṣubú sí ni yóò ti wọ̀n ọ́ fúnra rẹ̀.’”