Ọgbọ́n Keje Ayélàágbé

Ní ìlú Àfọ̀n láyé àtijọ́, kò sí ẹni tó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní ìjàkadì bí Ayélàágbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe olùkọ́ àwọn oníjàkadì Òkè-Àfọ̀n, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ọdún mẹ́wàá jà tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ọgbọ́n mẹ́fà ló ń kọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ti mọ ẹ̀kẹfà, á ní kó lọ wẹ̀, ẹ̀kọ́ parí. Èyí kò tẹ́ àwọn ará ìlú lọ́rùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ayélàágbé gbé akọni kan láti Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, apá ìlú tí wọ́n máa ń bá díje, ṣánlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ ń búra pé ohun tó fi dá a kì í ṣe ọ̀kan nínú mẹ́fà wọ̀nyẹn. Bí ìròyìn ọgbọ́n keje ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí wọn kò tíì bí nígbà náà gan-an á ròyìn rẹ̀ fún ọ bí ẹni pé iwájú òun ló ti ṣẹlẹ̀.

Nínú gbogbo ọmọ tó ń kọ́, Abíọ́nà ló fẹ́ràn jù. Abíọ́nà lágbára, ara rẹ̀ sì yá, àfi ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó máa ń pẹ́ kó tó dé ibi tó yẹ. Ọdún méjì léra ni Kúkọ̀yí, ọmọ Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, ti dá a ní ọjọ́ ìjẹṣu. Àṣà ìlú sì ni pé ẹni tó bá ṣubú lọ́dún mẹ́ta léra, yóò bọ́ bàǹtẹ́ ìjàkadì sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọdún kẹta ti dé tán. Abíọ́nà kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá bọ́ bàǹtẹ́ yẹn lára rẹ̀, kò mọ ẹni tí òun yóò tún máa jẹ́.

Ẹni tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ bá ń bà, kì í pẹ́ tí ìfura fi ń wọlé tọ̀ ọ́. Abíọ́nà kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọ̀gá òun kì í wo òun mọ́ bí òun bá ń jà. Ayélàágbé á gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tẹ́tí, lẹ́yìn náà á ní, "Ẹsẹ̀ òsì rẹ tún pẹ́." Abíọ́nà bi ara rẹ̀ pé, ẹni tí kò wò mí, báwo ló ṣe mọ̀? Ó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ọkàn ọ̀gá òun kò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé lọ́sàn-án gbogbo, bí wọ́n bá ti tú ká, Ayélàágbé á mú ọ̀pá rẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, sí ilé Ẹfúnkẹ́. Ta sì ni Ẹfúnkẹ́? Opó tí ń hun ẹní ni, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń kọ́ Kúkọ̀yí ní ìjàkadì.

Èmi kò ní bá Abíọ́nà wí lórí èyí. Bó bá jẹ́ èmi ni, inú mi kò ní mọ́.

Ní ọjọ́ kan tí wọ́n ń sinmi lábẹ́ igi, ó bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ̀ ń lọ sí ìsàlẹ̀ lójoojúmọ́."

"Wọn ò purọ́."

"Kí lẹ ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń lọ kọ́ ohun tí n ò mọ̀."

"Àgbà bíi tiyín? Èyí tẹ́ ẹ mọ̀ ńkọ́, ṣé ẹ ti kọ́ mi tán?"

Ayélàágbé rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Abíọ́nà, mẹ́fà ni. Mo ti kó gbogbo rẹ̀ fún ọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ jẹ. Bí ọdún ìjẹṣu bá ti kọjá, màá sọ ìyókù."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Abíọ́nà ní ìyókù kí ni, bí kò bá sí ọgbọ́n keje? Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi gbogbo ara kẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kó tún ẹsẹ̀ òsì gbé, á gbé e bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ayélàágbé, ní ìfura tirẹ̀ lọ́tọ̀. Abíọ́nà bá a níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lójúde, ó kí i, ó sì bi í bóyá Bàbá wà nílé.

"Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ ibi tó ń lọ ni?" Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ọmọ mi, mo dirun tuntun, kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ etí mi ló ń wò. Ọkùnrin tí kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀ mọ́, obìnrin mìíràn ti wà nílẹ̀."

"Ìyá, n ò rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo rò pé ó ń tà wá fún wọn ni."

"Bó ń fẹ́ ẹ ni o, bó ń tà wá ni o, ilé kan náà ló ń wọ̀. Lọ́la la máa mọ̀."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí ìjẹṣu pé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì tẹ̀lé e lókèèrè. Ayélàágbé ń fi ọ̀pá tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń dúró, ó tún ń lọ.

"Wo bó ṣe ń yọ́ rìn bí olè," ni Àwẹ̀ró sọ.

Nígbà tó ti wọlé, Abíọ́nà lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ayélàágbé jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ààbọ̀ ẹní wà lórí itan rẹ̀. Ẹfúnkẹ́ di ìka rẹ̀ mú, ó ń fi í tọ ojú koríko. Àwẹ̀ró yọjú láti ẹ̀yìn, ọwọ́ méjì tó wà lórí ara wọn nìkan ló rí. Ó yí padà síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe àwọn ará àdúgbò pé kí wọ́n wá wo ohun tí ọkọ òun ń ṣe.

Ariwo yẹn mú kí Ayélàágbé gbójú sókè. Ó wo Abíọ́nà tààrà, ó ní, "Ẹfúnkẹ́, ta ló ń pariwo? Ewúrẹ́ yín sì tún ti dí ẹnu ọ̀nà. Lé e, ooru ń mú mi."

Abíọ́nà gbé ọwọ́ sókè, ó mì í níwájú rẹ̀. Ojú yẹn kò tẹ̀lé ọwọ́. Ẹfúnkẹ́ tẹrí ba. Abíọ́nà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Ayélàágbé sì gbọ́ ọ.

"Abíọ́nà ni," ó ní. "Ẹsẹ̀ òsì tó ń wọ́ ilẹ̀ yẹn, kò sí ti ẹlòmíràn."

Àwọn ènìyàn ti ń rọ́ wọlé.

"Ó pé ọdún kejì tí ojú mi ti ń ṣú," ni Ayélàágbé wí. "Etí ni mo fi ń mọ bí o ṣe ń jà. Mo fi pamọ́, torí bí ìlú bá gbọ́, wọn á gbà ọ́ lọ́wọ́ mi kí ọdún kẹta rẹ tó pé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dìde bí wọ́n bá ṣubú. N ò rántí kọ́ ara mi ní ohun tí ènìyàn ń ṣe bí ìjàkadì bá tán. Ìdí tí mo fi wá síbí nìyẹn, ìyókù tí mo ní màá sọ náà nìyẹn. Wọ́n ní iṣẹ́ obìnrin ni. Ìka ló ń ṣe é, ìka mi ò sì tíì fọ́jú."

Àwẹ̀ró ti jókòó sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. "Bàálé mi, ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ojú ń tì mí. Ṣùkú lo dì. Mo fọwọ́ kàn án nígbà tí o gbé oúnjẹ fún mi."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ kò ṣe é bò mọ́, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló pè wọ́n. Kí ọjọ́ tó rọ̀, àwọn àgbà Òkè-Àfọ̀n ti gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Ayélàágbé, wọ́n gbé e fún olùkọ́ mìíràn. Ọkùnrin náà fi ojú méjì tó mọ́ kedere wo Abíọ́nà fún gbogbo ọjọ́ tó kù, kò rí ẹsẹ̀ òsì. Ní ọjọ́ ìjẹṣu, ibẹ̀ náà ni Kúkọ̀yí gbà wọlé. Abíọ́nà ṣubú, ó sì bọ́ bàǹtẹ́ sílẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn.

Kò lọ sílé. Ilé Ayélàágbé ló gbà lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni mo fà á."

"Ìwọ nìkan kọ́. Èmi tí mo dákẹ́ náà wà níbẹ̀." Ayélàágbé fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, ó fà á dìde. "Jókòó. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ọ́, mo ti lé ní ọgọ́ta kí n tó bẹ̀rẹ̀. O yára jù mí lọ." Ó kó koríko lé e lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń ti pápá ìjàkadì bọ̀ ti bá a. Ọ̀kan nínú wọn, tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bi í bóyá ó ti rí ọgbọ́n keje tó fi gbogbo ọdún wá. Abíọ́nà kò gbé ojú kúrò lára koríko.

"Èje ni mo rò pé ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà," ó ní. "Ohun tí mo bá níbẹ̀ jù ú lọ."

Ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà Àfọ̀n ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.