Ìtàkùn Ẹ̀yìnkùlé Ehoro

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rèé o!
— Kó máa bọ̀, ìyá àgbà!
Ó gun ọgbà, ó gun igi ìyeyè, ó balẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé Ehoro, ìyàwó tuntun.

Ìtàkùn ìgbẹ́ kan ti bo gbogbo ọgbà Ehoro. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, ẹ̀rù sì ń bà á kí ìyá má pè é ní ọ̀lẹ tí kì í ro ẹ̀yìnkùlé. Ló bá mú àdá.

Oyin ní, "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, òdòdó rẹ̀ là ń jẹ."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gba èébú ìyá ọkọ?"

Labalábá ní, "Abẹ́ ewé rẹ̀ ni mo yé ẹyin sí."

"Kó ẹyin rẹ, ọ̀rẹ́ mi."

Ẹ̀gà aláròyé ní, "Òwú ara èso rẹ̀ ni mo fi tẹ́ ibùsùn àwọn ọmọ mi. Inú ìtàkùn yìí ni wọ́n wà." Ó bú sórin. Ẹ gbè é:

Ehoro, sọ àdá sílẹ̀ o,
— Ìtàkùn, máa gùn!
Ọmọ mi ò tíì lè fò o,
— Ìtàkùn, máa gùn!

Àdá bọ́ lọ́wọ́ Ehoro. Nígbà tó tún mú un, ẹ̀ka tó dí ọ̀nà nìkan ló gé, ó wá jókòó, ó ń retí èébú.

Ìyá ọkọ dé. Ó wo ìtàkùn títí.

"Ẹ má bínú, Ìyá. N kò lè gé e, ọmọ ẹyẹ wà nínú rẹ̀."

"Bínú kẹ̀? Ìyàwó mi, ọjọ́ kan ni mo ní mo máa lò. Ṣé ẹni tó gba ọmọ ẹyẹ láyè kò ní gba arúgbó?" Ó sọ ẹrù kalẹ̀. "Tẹ́ ẹní mi sábẹ́ ìtàkùn yẹn. Ó di ìgbà òjò kí n tó padà sílé."

Àlọ́ mi ti sọ̀kalẹ̀ o. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi.