Ìgbín àti Òfin Ìsun

"Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rèé o."

"Àlọ̀ o!"

Wọ́n fi òfin gba omi lẹ́nu Ìgbín. Ọ̀dá dá, Ẹfọ̀n baálẹ̀ sì ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìsun ni yóò mu tẹ́rùn kí ẹlòmíì tó mu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìgbín dé bá ẹrẹ̀.

"Baálẹ̀, òǹgbẹ ń pa mí."

"Òfin kan náà ló de gbogbo wa. Ta ló so ẹ́ lẹ́sẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ìsọkúsọ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń bi aláìlẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbín lọ sùn sí etí ìsun. Ilẹ̀ mọ́, ó ń lá omi díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi kanrí.

Ẹfọ̀n ní, "Ìyá Ìgbín, ẹ ò tíì yó ni?"

"Ó kù díẹ̀, Baálẹ̀. Ṣé ká jọ tún òfin yẹn ṣe, àbí kí n máa mu lọ?"