Akíndípẹ̀ àti Ẹja Onírùngbọ̀n Inú Adágún Jẹ́jẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ ẹja tán kí ẹ tó bèèrè ẹni tó pa á. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹni tí ó ní àgbàdo sísun lọ́wọ́ máa jẹ ẹ́ lọ, nítorí ìtàn tí mo gbé dé yìí ní igbó tí ń pariwo nínú, ó ní iwin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, ó ní ẹja tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti bàbá ìyàwó yín lọ, ó sì ní ọkùnrin kan tí ó rò pé òun mọ iṣẹ́ òun tán. Ọkùnrin yìí gan-an ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo wọn.

Akíndípẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ará Ìlúdò ní etí ọ̀sà, ọmọ a-lu-ọkọ̀-kẹ́ja-ó-fò, ọmọ a-tẹ́-àwọ̀n-bí-ẹni-tẹ́-ẹní. Ariwo ni wọ́n fi ń pẹja ní ìlú tirẹ̀: wọn a ta àwọ̀n sínú omi, wọn a wá máa fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbà-gbà-gbà, ẹ̀rù a ba ẹja, ẹja a sì sá wọnú àwọ̀n. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù tó Akíndípẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ ìlú kejì a máa sá wọlé. Ó ní ìyàwó kan, Ìbídùn, adúmáadán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ, ní ọdún kẹwàá ni oyún dé, inú tọkọtaya sì dùn dé gongo. Ṣùgbọ́n oyún yìí kọ oúnjẹ. Bí Ìbídùn bá tọ́ iyán wò, èébì ni. Bí ó bá gbóòórùn ọbẹ̀, ó di dandan kó sá jáde. Ni ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn àbúrò ìyá ọkọ mẹ́fà bá kó wọlé, wọ́n yí ẹní rẹ̀ ká, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ké lé e lórí pé, "Jẹun! Ṣé o fẹ́ pa ọmọ wa ni? Jẹun!" Obìnrin náà ń rù sí i. Nígbà tí ó ṣe, ìyá ọkọ rẹ̀ bi í pé, "Kí lo tilẹ̀ fẹ́ jẹ, Ìbídùn?" Ó ṣíjú, ó ní, "Orí ẹja onírùngbọ̀n inú Adágún Jẹ́jẹ́ nìkan, ìyá." Gbogbo ilé dákẹ́ lọ gbári, nítorí ẹnikẹ́ni kò mú ẹja náà rí.

Akíndípẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ó kó ìwọ̀ àti okùn, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká, ó di àgbàdo sápò, ó sì gbọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá pẹ́ jù, òun lè pàdánù ìyá àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Igbó Aláriwo ni ó kọ́kọ́ kàn. Gbogbo igi ibẹ̀ ló ní ẹnu, gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí igi kan tí ó ní etí. Ẹni tí ó bá dá wọn lóhùn, gbòǹgbò ni yóò yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, yóò sì di ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bú àjẹ̀ rẹ̀, wọ́n bú imú rẹ̀, wọ́n wá bú ìyá tó bí i. Akíndípẹ̀ la ẹnu láti fèsì, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń wọlẹ̀ kí ó tó yára ki àgbàdo bọ ẹnu ara rẹ̀ bámúbámú, tí ó ń jẹ ẹ́ títí ó fi jáde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ là ń fèsì sí. Mo mọ ẹni méjì níhìn-ín tí ó yẹ kí wọ́n máa rìn pẹ̀lú àgbàdo lẹ́nu.

Lẹ́yìn igbó ni odò kan wà tí ó mù ún dé ọrùn, tí àgbàdo inú àpò rẹ̀ fi tutù rinrin. Lẹ́yìn odò ni Pápá Ìkánjú, níbi tí iwin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sẹ́yìn ti pè é pé kí àwọn jọ sáré. Akíndípẹ̀ rántí ọrùn ìyàwó rẹ̀ tí ó ti tín-ín-rín, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ó sáré títí di ọ̀sán, ó wòkè, odò tí ó ti ré kọjá láàárọ̀ ló tún wà níwájú rẹ̀. Iwin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ọjọ́ kejì, nígbà tí agara ti dá ọkùnrin náà, ó rọra ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ bí aláboyún, pápá náà sì tán kíá.

Báyìí ni ó ṣe dé Adágún Jẹ́jẹ́. Òṣíbàtà bo ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, omi rẹ̀ mọ́, ìyá arúgbó kan sì jókòó létí rẹ̀ tí òṣíbàtà hù lórí rẹ̀ dípò irun. Olùṣọ́ omi náà ni. Akíndípẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ro ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ fún un.

"Omi rèé, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "N ò dí ọ lọ́wọ́."

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ Ìlúdò ṣe! Ó fa àjẹ̀ yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi lu omi gbà-gbà-gbà bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Gbogbo ẹja wọ inú ẹrẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá kó ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi lu omi, kò rí ìrù ẹja kan. Ní ọjọ́ kẹta ó sọ àjẹ̀ sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa jágbe mọ́ ẹni tí o fẹ́ kó wá jẹun?" ni ìyá olóṣìíbàtà bi í. "Ọ̀sà yín fẹ̀, ẹja ibẹ̀ ríbi sá sí. Adágún yìí ni yàrá àwọn tibí. Bí o bá ń gbá ilẹ̀kùn ẹni, ṣé kò ní sá sábẹ́ ibùsùn ni? Àgbàdo inú àpò rẹ ńkọ́?"

"Ó ti kan, ìyá."

"Kíkan náà ni wọ́n fẹ́. Da ẹ̀kúnwọ́ kan síbi òṣíbàtà yẹn láràárọ̀, ojú kan náà, àkókò kan náà. Má fi ìwọ̀ sí i. Má jẹ́ kí òjìji rẹ kan omi. Ó di ọjọ́ kẹrin kí o tó mú okùn."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìfófó díẹ̀ ló yọ lójú omi. Ní ọjọ́ kejì, omi ibẹ̀ rú. Ní ọjọ́ kẹta, kí ó tó dé ni àwọn ẹja ti ń dúró dè é, inú rẹ̀ sì dùn bíi ti ẹni tí àlejò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin ó fi ekòló kan àti hóró àgbàdo méjì bo ìwọ̀, ó so ìyẹ́ adìẹ mọ́ okùn kí ó lè máa léfòó, ó sì jókòó sẹ́yìn koríko.

"Fífà ni onírùngbọ̀n ń fa oúnjẹ sẹ́nu, yóò tún tu ú jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò," ni ìyá náà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bí ìyẹ́ bá ń jó, má fà. Bí ó bá rì tí ó sì ń lọ, nígbà náà ni."

Ìyẹ́ jó, Akíndípẹ̀ di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ìyẹ́ tún jó. Lẹ́yìn náà ó rì, ó ń lọ, Akíndípẹ̀ sì fà á! Bí ẹja bá fà, a dẹ okùn. Bí ẹja bá sinmi, a ká a. Oòrùn ti kàn án lórí kí ẹja náà tó sùn sí etí omi, ó gùn tó ọkọ̀, ìpẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó àwo, irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́rin ń mì.

"Akíndípẹ̀," ni ẹja wí, "ọwọ́ tó bọ́ mi ló mú mi, n kò bínú. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ kan ni orí mi. Ọ̀la ńkọ́? Yọ ìpẹ́ kan lára mi, kí o fi mí sílẹ̀. Bí o ṣe bọ́ mi ni kí o bọ́ ìyàwó rẹ."

Ọkùnrin náà kọ̀, ó di ẹja mú pinpin. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ti ṣe bọ́ sí àjẹ̀ nílẹ̀, ó rántí ìyá rẹ̀ àti àwọn mẹ́fà tó yí ẹní ká, "Jẹun! Jẹun!", ó sì rí i pé ọkọ̀ ni gbogbo wọn ń lù nílé láti ọjọ́ yìí. Ó yọ ìpẹ́ kan. Ó tú ẹja sílẹ̀. Ó dùn ún wọra.

Nígbà tí ó délé, ìyá rẹ̀ pariwo, "Ẹja dà?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi, ẹ dákun, ẹ fún èmi àti ilé yìí ní ọjọ́ mẹ́rin."

Ìyá rẹ̀ àti àwọn mẹ́fà náà jáde, wọ́n ń kùn. Láràárọ̀, bí oòrùn bá ti kan ẹnu ọ̀nà, Akíndípẹ̀ a bu ẹ̀kọ tútù díẹ̀ sórí ìpẹ́ náà, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, a sì lọ jókòó síbi tí òjìji rẹ̀ kò ti ní kan ìyàwó rẹ̀, a máa tún àwọ̀n ṣe. Kò sọ pé jẹ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, Ìbídùn wò ó lásán. Ní ọjọ́ kejì, ó tọ́ ọ wò, ó tu ú jáde. Ọkọ rẹ̀ kò gbójú sókè. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé díẹ̀ mì. Ní ọjọ́ kẹrin, orí ìpẹ́ mọ́ fefe, ohùn jẹ́jẹ́ kan sì ní, "Ṣé ó ṣẹ́kù?" Ẹ̀yìnkùlé ni Akíndípẹ̀ ti lọ sunkún ayọ̀.

Ìbídùn bí ọmọbìnrin gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìbídùn, má bínú pé n kò mú orí ẹja náà wá."

Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. "Orí ẹja wo? Mo kàn fẹ́ kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ ni, mo bá dárúkọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè rí."

Akíndípẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí gbòǹgbò igbó ti ha, ó wo ìyàwó rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún padà, òun náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú níí nini lára. Ẹ bọ́ èèyàn kí ẹ tó pè é, kí ẹ dákẹ́ kí ó lè gbọ́ ebi ara rẹ̀. Bí ẹ bá délé lónìí tí ẹnì kan kò jẹun, ẹ gbé àjẹ̀ sílẹ̀ ná.